Ọjọ́ Tí A Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ni Kò Yẹ ní Kíkà

Ẹni tí ó bá ti dé Accra, olú-ìlú Ghánà, kò ní ṣàì gbúròó Kantamanto. Ọjà ńlá ni, lórí ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, níbi tí nǹkan bí 30,000 ènìyàn ti ń tà, tí wọ́n ti ń rà, tí wọ́n ti ń rán aṣọ, tí wọ́n ti ń pa á láró, tí wọ́n sì ti ń lọ̀ ọ́. Aṣọ tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti wọ̀ tí ó sú wọn ni wọ́n ń dì ní béèlì wá síbẹ̀. Iye tí a sábà máa ń gbọ́ ni 15 mílíọ̀nù aṣọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Àwa ń pè é ní òkìrìkà. Àwọn Akan ń pè é ní obroni wawu, èyí ni pé, aṣọ òyìnbó tí ó ti kú. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ohunkóhun tí ó bá ti inú béèlì jáde ni oníṣòwò Kantamanto ń fi lé àtẹ. Yóò tú u, yóò ṣà á, yóò ya èyí tí ó dára sọ́tọ̀ kúrò lára àkísà. Èyí tí ó bá fún, yóò tú ojú rírán rẹ̀. Èyí tí ó bá gùn, yóò gé e. Títí aṣọ tí a rán fún ará òkèèrè yóò fi bá ará ilé mu.

Ọgbọ́n tí obìnrin ọjà yìí ń lò sí aṣọ, àwa tí a kàwé kò lò ó sí òfin. Òfin pẹ̀lú a máa ti òkèèrè wá ní béèlì. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, èyí tí a lè pè ní òfin gbèdéke àkókò: òfin tí ó sọ iye ọjọ́ tí ẹni tí a ṣẹ̀ ní láti fi gbé ẹjọ́ rẹ̀ dé iwájú adájọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹjọ́ náà kú, bí ó ti wù kí òtítọ́ inú rẹ̀ pọ̀ tó. A gbé aṣọ yìí wọ̀ bí a ti tú u láti inú béèlì, a kò sì wo ibi tí ó ti ń fún wa lọ́rùn.

Ní òru ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, iná ṣẹ́ yọ ní Kantamanto, ó sì jó apá tí ó pọ̀ jù nínú ọjà náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá láìní ìsọ̀, láìní ọjà, tí gbèsè béèlì sì wà lọ́rùn wọn síbẹ̀. Láti òru náà ni agogo òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, púpọ̀ nínú wọn kò sì gbọ́ ìró rẹ̀. Òfin gbèdéke àkókò ti Ghánà, tí ìjọba ológun ibẹ̀ ṣe ní 1972, fún ẹni tí ó bá fara gbọgbẹ́ nípa àìbìkítà ẹlòmíràn ní ọdún 3 láti pẹjọ́. Ó fún ẹni tí a ba ọjà rẹ̀ jẹ́, tàbí tí a jẹ ní gbèsè, ní ọdún 6. Ó fún ẹni tí a gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ ní ọdún 12. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹjọ́ nítorí iná náà, ti ọgbẹ́ yóò kú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2028, ti ọjà yóò sì kú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2031. Èmi kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹjọ́ ní ọjọ́ ikú. Olówó tí ó ní agbẹjọ́rò mọ ọjọ́ náà, ìyá tí ó ń pàtẹ kò mọ̀ ọ́n.

Àríyànjiyàn mi kò ju ẹyọ kan lọ. Èmi kò wí pé kí a pa òfin gbèdéke rẹ́. Mo wí pé ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ bá ṣí sílẹ̀ fún olùpẹjọ́ nìkan ni ó tọ́ kí òfin máa kà. Ọjọ́ tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, pàápàá bí ó bá jẹ́ ìjọba ni ó tì í, kò yẹ ní kíkà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé mo ti fún àwọn oníwà ìrẹ́jẹ ní ààyè púpọ̀ jù, nígbà tí mo gbà pé kí gbèdéke wà rárá. Wọn yóò rán mi létí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi í ṣe òfin, kí ó kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn wo ilé baba rẹ̀. Ṣé a ti gbàgbé ìwọ̀fà ni? Baba yá owó, ó fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe ní oko olówó kò dín owó kù, èlé owó ni. Baba kú, gbèsè kò kú. Àwọn ọmọ jogún rẹ̀ bí wọ́n ti jogún ilé. Ológò a wá, a dógò sí ẹnu ọ̀nà, a sì máa jẹ, a máa mu lọ́rùn ẹni tí a lè má tí ì bí nígbà tí a yá owó náà. Ẹlẹ́rìí ti kú, kò sí ìwé. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá le jù ni ó jàre. Gbèsè tí kò ní ọjọ́ ikú a máa sọ ọmọ ènìyàn di ẹrú. Nítorí náà, òfin tí ó bá wí fún olówó pé, "Wá gba owó rẹ nígbà tí ẹlẹ́rìí wà láyé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀," òfin ọmọlúàbí ni. Ohun tí mo ń bá jà kì í ṣe gbèdéke. Bí a ti ń ka ọjọ́ rẹ̀ ni.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ rán aṣọ yìí mọ̀ pé kò yẹ kí ó fún ẹni tí a dè lọ́wọ́ mọ́ra. Ní 1623, nígbà ayé ọba James Kìíní, àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọdún 6 sí ẹjọ́ gbèsè. Ṣùgbọ́n wọ́n rán àpò sí òfin náà lára. Ọdún náà kò bẹ̀rẹ̀ sí í kà fún ọmọdé títí yóò fi dàgbà. Kò kà fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Kò kà fún ẹni tí ó wà lẹ́wọ̀n títí yóò fi jáde. Kò sì kà fún ẹni tí ó wà ní ìkọjá òkun títí yóò fi padà dé. Ìlànà kan ṣoṣo ni ó so àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀: ẹni tí kò lè dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́, a kì í ka ọjọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Ó di 1856 kí wọ́n tó gé àpò méjì kúrò, ti ẹlẹ́wọ̀n àti ti ẹni tí ó wà ní ìkọjá òkun. Bóyá kò ni wọ́n lára. Wọ́n ní ọkọ̀, wọ́n ní ìwé ìfìránṣẹ́, wọ́n sì ní agbẹjọ́rò ní gbogbo èbúté.

Nígbà tí wọ́n wá di béèlì fún wa, aṣọ tí a ti gé àpò rẹ̀ ni wọ́n dì. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti rí ní ọjọ́ 24 oṣù keje 1874 ni wọ́n fi lélẹ̀ fún Gold Coast; bí ó ti rí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900 ni wọ́n fi lélẹ̀ fún Nàìjíríà. Nígbà tí Ghánà sì ṣe tirẹ̀ ní 1972, ó rántí ọmọdé, ó rántí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ó tún rántí ẹni tí a fi ẹ̀tàn pa òtítọ́ mọ́ fún. Ẹni tí ìjọba lé kọjá ẹnubodè, kò rántí rẹ̀.

Ta ni ẹni náà? Bàbá wa ni, ìyá wa ni. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrín ọjọ́ 14 tàbí kí ó jáde kúrò ní Ghánà. Yorùbá pọ̀ láàrín àwọn tí àṣẹ náà bá: àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìnísà, Ṣakí àti Ìgbẹ́tì, tí wọ́n ti ń ṣòwò láti Accra títí dé Kumasi àti Tamale, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn bí ọmọ síbẹ̀, tí ọmọ náà sì bí ọmọ. Ní Accra, àdúgbò kan ń jẹ́ Lagos Town kí wọ́n tó sọ ọ́ di Accra New Town. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1970, òfin mìíràn tún fi àwọn òwò kéékèèké sọ́wọ́ ọmọ Ghánà nìkan, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ń ronú àtipadà sí ìsọ̀ rẹ̀ kò ní ìsọ̀ tí yóò padà sí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọ̀kan nínú wọn. Aṣọ ni ó ń tà, ó sì ń ta àwìn, nítorí kò sí oníṣòwò tí ó lè ta ọjà púpọ̀ láìta àwìn. Àwọn oníbàárà jẹ ẹ́ ní owó. Ó kọ orúkọ wọn àti iye rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Nínú ọjọ́ 14, ṣé ilé ẹjọ́ ni yóò lọ ni, tàbí ibi tí yóò ti rí ọkọ̀ tí yóò kó aya àti ọmọ rẹ̀ dé ilé? Ó ti ìwé náà bọ àpò, ó gun ọkọ̀. Òfin ní ọdún 6 ni òun fún un. Ó dé oṣù kọkànlá 1975. Ẹni tí ó jẹ gbèsè wà láyé, ẹni tí a jẹ ní gbèsè wà láyé, ìwé wà nínú àpótí, òtítọ́ kò yí padà. Ọjọ́ nìkan ni ó kọjá, ẹjọ́ sì kú. Ilẹ̀ tí ó lé e jáde ni ilẹ̀ tí ó tún ka ọjọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin olùkọ́, bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá ti ilẹ̀kùn kíláàsì, tí ó sì wá na ọmọ nítorí pé ó pẹ́ kí ó tó wọlé, kí ni a óò pe irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀?

Amòfin kan lè dáhùn pé, "Kò sí ẹni tí ó ní kí ó má pẹjọ́, ó lè rán agbẹjọ́rò." Ọ̀rọ̀ tí ó dùn lẹ́nu ni. Owó wo ni ẹni tí ó fi ìsọ̀ sílẹ̀ yóò fi gba agbẹjọ́rò? Ta ni yóò jẹ́rìí fún un, nígbà tí àwọn tí wọ́n jọ ń jókòó ní ọjà ti fọ́n ká sí Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́? Báwo ni òun fúnra rẹ̀ yóò ṣe dúró níwájú adájọ́ ní ìlú tí ọlọ́pàá yóò ti mú un bí ó bá wọ̀ ọ́ láìní ìwé? Ẹni tí a so lẹ́sẹ̀, a kì í bú u pé kò sáré.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Ghánà nìkan ni mo ń bá wí. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Nàìjíríà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọmọ Ghánà sì ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó di ẹrù wọn sínú àpò tí a ń pè ní Ghana Must Go títí di òní. Bíríkìlà wà nínú wọn, káfíńtà wà nínú wọn, télọ̀ wà nínú wọn. Owó iṣẹ́ tí a bá jẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn, ẹjọ́ rẹ̀ pé ọdún 6 ní 1989. Ẹni tí ó bá ń sunkún gbèsè 1969 tí kò sunkún ti 1983, kì í ṣe òdodo ni ó ń wá, owó rẹ̀ ni ó ń wá. Ìlànà tí mo ń bèèrè yóò dá ẹ̀tọ́ aláṣọ Ògbómọ̀ṣọ́ padà, yóò sì dá ti bíríkìlà Kumasi padà.

Nílé wa níhìn-ín, ilẹ̀kùn kan tún wà tí a ń tì kíákíá ju èyí lọ. Òfin kan tí àwọn amúnisìn fi sílẹ̀ fún Nàìjíríà, tí a lè pè ní Òfin Ààbò Òṣìṣẹ́ Ìjọba, wí pé ẹni tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ṣẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù 3 péré láti pẹjọ́. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí aládùúgbò bá fi ọkọ̀ wó ògiri ilé rẹ ní Èkó, o ní ọdún 6. Bí awakọ̀ ìjọba bá wó ògiri kan náà lẹ́nu iṣẹ́, oṣù 3 ni. Mẹ̀kúnnù a kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì. Wọn a ní kí ó padà wá. A lọ bá àwọn àgbà pé kí wọ́n bá òun dá sí i. Wọn a ní kí ó ṣe sùúrù. Ní 1994, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà là á mọ́lẹ̀ pé ìjíròrò láàrín àwọn méjì kì í dá agogo òfin dúró. Sùúrù tí a fi kọ́ ọmọ Yorùbá láti kékeré ni ó wá di ọ̀fìn tí ó jìn sí.

Ohun kan wà nínú òfin oṣù 3 yìí tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Ó wí pé bí ẹni tí a ṣẹ̀ bá jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n nígbà tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, ó lè pẹjọ́ láàrín oṣù 3 lẹ́yìn tí ó bá jáde. Ẹni tí ó kọ òfin náà mọ̀ nígbà náà pé a kì í ka ọjọ́ mọ́ ẹni tí a tì mọ́lé. Ó mọ̀ ọ́n fún ẹlẹ́wọ̀n, kò mọ̀ ọ́n fún mẹ̀kúnnù tí ó ń dúró de èsì ìwé rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ti rí irú aṣọ yìí ńkọ́? Tirẹ̀ jẹ́ oṣù 6 ní 1893. Ó fi kún un di ọdún 1 ní 1939. Ní 1954 ó bọ́ ọ sọnù pátápátá. Ẹni tí ó ni aṣọ ti fi ṣe àkísà, àwa fi í ṣe aṣọ àgbádá.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, ẹ̀yin olùkọ́. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí a lé lẹ́nu iṣẹ́ ni a tún lé ní ilé ẹjọ́ nítorí oṣù 3 yìí, láìgbọ́ bí ọ̀ràn wọn ti rí. Ní 2019 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wí pé òfin náà kò kan àdéhùn iṣẹ́. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń já okùn yìí, nígbà tí ó yẹ kí a gé e lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn mìíràn yóò wí pé gbogbo èyí kan ẹjọ́ owó àti ilẹ̀ nìkan, pé ẹ̀sùn ọ̀daràn kò ní gbèdéke. Òtítọ́ ni, dé ibì kan. Láti ayé àtijọ́ ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ti wí pé àkókò kì í borí ọba: apànìyàn tí ó bá sá fún 40 ọdún, a lè mú un dé iwájú adájọ́ ní ọdún kọkànlélógójì. Ẹ kíyè sí bí òṣùwọ̀n ti rí. Bí ìjọba bá fẹ́ mú mẹ̀kúnnù fún ọ̀ràn ńlá, kò sí gbèdéke. Bí mẹ̀kúnnù bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́, oṣù 3.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù ni mo ń bọ̀ wá sọ. Ìwé òfin ọ̀daràn tí àwọn amúnisìn kọ fún gúúsù Nàìjíríà wí pé ẹjọ́ ẹni tí ó bá bá ọmọdébìnrin tí kò tí ì pé ọdún 13 lò pọ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàrín oṣù 2 lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Oṣù 2! Táàmù kan ní ilé ẹ̀kọ́ wa gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí a ba ayé rẹ̀ jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní táàmù lè má tí ì rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, pàápàá bí ó bá jẹ́ ẹni tí ń bọ́ ọ ni ó ṣe é. Òfin tí ó ní kí a dúró de ọmọ títí yóò fi dàgbà kí ó tó gba owó rẹ̀ ni ó wá kọ̀ láti dúró dè é nítorí ara rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 kò ní irú gbèdéke bẹ́ẹ̀, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà sì fi ọwọ́ sí i ní 2020 pé kí a yọ oṣù 2 náà kúrò nínú ìwé àtijọ́. Ó yẹ kí ojú ti gbogbo wa pé ó tó ìgbà náà kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ sókè.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì wí pé ilẹ̀kùn tí ọjọ́ ti tì kò ṣeé ṣí mọ́, kí ó tún wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1975 wọ́n fún adájọ́ wọn ní agbára pé, nínú ẹjọ́ ìpalára ara, ó lè fi gbèdéke sí apá kan bí ó bá rí i pé bẹ́ẹ̀ ni ó tọ́. Òfin Ghánà ti 1972 ti fi ọdún 3 ṣáájú àtúnṣe yìí. Ní 2012, adájọ́ kan ní London lo agbára náà fún àwọn arúgbó Kẹ́ńyà mẹ́ta tí wọ́n dá lóró lábẹ́ ìjọba amúnisìn nígbà ìjà Mau Mau ní àwọn ọdún 1950. Ó gbà pé ẹjọ́ náà ṣì ṣeé gbọ́, lẹ́yìn 50 ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìwé ẹ̀rí pọ̀ nílẹ̀. Ní 2013, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà láti san nǹkan bí 19.9 mílíọ̀nù pọ́n-ùn fún 5,228 ènìyàn. Ní 2018, adájọ́ mìíràn kọ̀ láti ṣí ilẹ̀kùn kan náà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Kẹ́ńyà mìíràn, ó ní ọjọ́ ti pẹ́ jù, ẹlẹ́rìí ti kú, ẹjọ́ kò lè gún mọ́. Mo mú ìdájọ́ méjèèjì wá pọ̀ kí ẹ lè rí i pé agbára tí a fún adájọ́ kì í ṣe pé kí ó ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tí ó bá kàn án. Ohun tí ó jẹ́ ni pé kí ẹnì kan kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn náà, kí a tó wí fún arúgbó pé ó pẹ́.

Àtúnṣe yìí kò ju agbára wa lọ. Ní 1959, nígbà tí àwọn aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣe òfin gbèdéke tiwọn, wọ́n yọ ẹjọ́ ilẹ̀ tí a ń jogún ní ìlànà ìbílẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n tú béèlì, wọ́n mú abẹ́rẹ́, wọ́n rán an kí ó bá ara ará ilé mu. Ohun tí wọ́n ṣe nítorí ilẹ̀, àwa lè ṣe é nítorí ènìyàn.

Mo ń bèèrè nǹkan mẹ́ta. Èkínní, kí a pa gbèdéke oṣù 3 rẹ́, kí ọdún tí a ní láti fi pe aládùúgbò lẹ́jọ́ jẹ́ ọdún tí a ní láti fi pe òṣìṣẹ́ ìjọba. Èkejì, kí ó má ṣe sí ìwé òfin kankan ní ilẹ̀ yìí tí yóò fi gbèdéke sí ẹ̀sùn ìbàjẹ́ ọmọdé. Ẹ̀kẹta, kí òfin gbèdéke ní Nàìjíríà àti ní Ghánà wí gbangba pé ọjọ́ tí àṣẹ ìjọba, ogun tàbí títì ilé ẹjọ́ fi dí olùpẹjọ́ lọ́nà kò sí nínú iye, kí adájọ́ sì ní agbára láti gbé èyí tí ó kù yẹ̀ wò. Àwọn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ní 1979 pé kí ọmọ ilẹ̀ kan lè rìn dé ilẹ̀ kejì, wọ́n lè fọwọ́ sí èyí pẹ̀lú. Ẹni tí a fún ní ẹ̀tọ́ láti wọ ọjà, kí a má gba ẹ̀tọ́ àtibéèrè owó ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí àwọn aṣòfin tó dìde, iṣẹ́ wà fún olùkọ́. Kò sí ìlú tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kò rí olùkọ́ níbẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń gbé ìwé tọ̀ wá pé kí ó bá wọn kà á. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti máa kọ déètì sórí gbogbo ìwé owó. Ẹ fi ọdún 3, ọdún 6 àti ọdún 12 kọ́ wọn ní ìṣirò, ó wúlò ju iye ọsàn inú apẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹ sọ fún àwọn òbí wọn pé bí ajigbèsè bá kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ṣì jẹ gbèsè, tí ó fọwọ́ sí i kí ọjọ́ tó pé, ọjọ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé kékeré bẹ́ẹ̀ lè gba owó tí ẹ̀bẹ̀ ọdún 5 kò gbà. Bí ọmọ kan bá sì sún mọ́ yín tí ó sọ̀rọ̀ tí ó ń mú un sunkún, ẹ má ṣe fi í dúró de ìpàdé ẹbí. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà àti ọ̀dọ̀ àwọn agbófinró.

Ní èdè Akan, Kantamanto jẹ́ oríkì ẹni tí ó búra tí kì í sì í da ìbúra rẹ̀. Ìjọba tí ó bá gba owó orí lọ́wọ́ ìyá tí ó ń pàtẹ ní ọjà náà ti búra fún un pé òun yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Bí ó bá wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, tí ó sì ń ka ọjọ́ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ti da ìbúra náà. Àwọn àgbà ní ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Ọdún 2028 kò jìnnà, 2031 kò jìnnà. Ẹni tí ó bá ní ará ní Accra, kí ó sọ fún un.